Fẹ̀yìntọlá Ló Kọ́kọ́ Lọ

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Ọládùnjoyè, ọmọ Ìkìrè tó ti ń gbé Abuja kí ìlú náà tó kún. Ní ọdún 2014 tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ó ti di ọ̀gá níwọ̀nba ní mínísírì tó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ní ilé tirẹ̀ ní Dutse Alhaji. Fẹ̀yìntọlá ìyàwó rẹ̀ ń ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ushafa. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Mofìyìnfólúwa, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mofìyìn.

Ọládùnjoyè ń mutí. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, bíà ni, lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn kò tíì kó ìyàwó wọn wá sí Abuja. Àwọn yẹn kó ìyàwó wọn dé, wọ́n ń lọ sílé. Òun náà gbé ìyàwó dé, kò lọ sílé. Nígbà tó yá, ó kúrò nídìí bíà, ó bọ́ sídìí ọtí líle. Nígbà tó tún yá, ó di ọtí inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, èyí tí ènìyàn lè fi eyín já, kó sì gbé e mì kí iná ojú títì tó fún ọkọ̀ láyè láti kọjá. Kì í lu ìyàwó. Kì í pariwo. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni àwọn aládùúgbò ń pè é. Ohun tó kàn ń ṣẹlẹ̀ ni pé bó bá jókòó sílé, kò sí nílé. Bí ọmọ bá ń bá a sọ̀rọ̀, á máa mi orí, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, bó bá sì di ọjọ́ kejì, kò ní rántí ohun tí wọ́n jọ sọ.

Ó pẹ́ tí Fẹ̀yìntọlá ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ bí a ṣe ń pe ọ́fíìsì pé ibà ló ń ṣe ọ̀gá. Ó kọ́ bí a ṣe ń yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó sùn lọ. Bí ìyá rẹ̀ bá bi í léèrè lórí fóònù pé ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà, á ní àlàáfíà ni.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ Mofìyìn. Ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn ni, ọmọ náà sì gba ẹ̀bùn ìṣirò. Bàbá rẹ̀ ti ṣèlérí pé òun yóò wá. Ó wá lóòótọ́, nígbà tí wọ́n ti ń kó àga wọlé. Ó gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ géètì, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì sùn lọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀, bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kò bá ihò mu. Tíṣà kan tó ń kọjá wo ọkọ̀ náà, ó wo Mofìyìn, ó ní, "Ṣé dádì yín nìyẹn?"

Mofìyìn ní, "Rárá, mà. Awakọ̀ wa ni."

Fẹ̀yìntọlá wà lẹ́yìn wọn níbi tó ti ń to abọ́ oúnjẹ sínú àpò. Ó gbọ́ ọ. Ọmọ náà kò sunkún, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti sọ irú rẹ̀ rí, tó sì ti mọ̀ pé wọ́n máa ń gbà á gbọ́. Ohun tó wọ ìyá rẹ̀ lára jù nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ náà lọ sílé lọ́jọ́ náà, ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń hanrun.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìrànlọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ pásítọ̀ wọn ló kọ́kọ́ lọ. Ènìyàn dáadáa ni pásítọ̀ náà. Ó wá sílé wọn, ó gbọ́wọ́ lé Ọládùnjoyè lórí, ó gbàdúrà, ó ní kí tọkọtaya gba ààwẹ̀. Ọládùnjoyè gba ààwẹ̀ náà tọkàntọkàn, kò fi ọtí kan ẹnu títí ààwẹ̀ fi parí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó parí, bíà ló fi ṣínu.

Fẹ̀yìntọlá wá lọ bá dókítà kan ní ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n máa ń lọ. Dókítà náà kò dá ọkọ rẹ̀ lẹ́bi, kò sì ní kó ní sùúrù. Ó ní, "Mà, ọ̀rọ̀ yìí ti di àìsàn. Àwọn kan wà tí wọ́n ti mu ún dé ibi tí ọkọ yín mu ún dé, tí wọ́n sì ti fi í sílẹ̀. Wọ́n máa ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ran ara wọn lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n wà ní Abuja yìí. Ibi tí wọ́n ti ń pàdé gan-an ni n kò mọ̀."

Fẹ̀yìntọlá wá wọn lórí fóònù. Ti Lọ́ńdọ̀nù ló ń yọ jáde, ti Amẹ́ríkà ló ń yọ jáde, tòun ti àdúgbò àti wákàtí, bí ẹni pé ó kàn lè wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ síbẹ̀. Ti Abuja, nọ́ńbà méjì péré ló rí. Èyí àkọ́kọ́ kò lọ. Obìnrin kan ló gbé èkejì, ó ní táìlì ilẹ̀ ni òun ń tà, pé ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń pe òun lórí ọ̀rọ̀ ọtí, òun kò sì mọ ẹni tó ni nọ́ńbà náà kó tó di tòun. Ó bi Fẹ̀yìntọlá pé ọkọ ni àbí ọmọ. Fẹ̀yìntọlá ní ọkọ ni. Obìnrin náà ní Ọlọ́run á ṣe é.

Àdírẹ́sì kan tún wà, ní Wuse. Ó lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ tètè jáde. Mẹ́gádì ẹnu ọ̀nà kí i ní Hausa pé sànnu, òun náà ní yauwa, ó ṣàlàyé ohun tó bá wá. Ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ ń wúwo, torí kò tíì sọ ọ́ fún àjèjì rí. Mẹ́gádì náà ronú díẹ̀.

Ó ní, "Àwọn tó máa ń jókòó yíká, tí wọ́n ń mu tíì? Tí wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín gan-an?"

Fẹ̀yìntọlá ní òun kò rò pé àwọn yẹn ni.

Ó ní, "Àwọn náà ni. Wọ́n ti kó lọ sí Jabi. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kò jìnnà sí gáréèjì. Sátidé ni wọ́n máa ń ṣe é, lọ́sàn-án."

Nígbà tó délé, ó bá ọkọ rẹ̀ ní pálọ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ó ti mu díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì dá.

"Bàbá Mofìyìn, mo ti rí ibì kan."

"Ibi kí ni?"

"Àwọn tó ń fi ọtí sílẹ̀. Wọ́n máa ń pàdé ní Jabi lọ́jọ́ Sátidé."

Ọládùnjoyè gbé ìwé ìròyìn náà kalẹ̀. "Ṣé o ti rí mi tí mo ṣubú sí gọ́tà rí?"

"Rárá."

"Ṣé wọ́n ti lé mi níbi iṣẹ́?"

"Wọn ò lé yín."

"Ó dáa. Kí àwọn tó ń ṣubú sí gọ́tà máa lọ." Ó tún gbé ìwé ìròyìn rẹ̀. "Bó bá wù ọ́, ìwọ lọ."

Ẹ̀gàn ló fi sọ ọ́. Fẹ̀yìntọlá lọ.

Ó ní òun kàn fẹ́ wo ibẹ̀ ni, bóyá ibi tí ènìyàn lè mú ọkọ ẹni lọ ni. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì Jabi láàrin àwọn tó ń pe èrò Lọ́kọ́ja àti Kàdúná, ó béèrè ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kíláàsì kan wà tí àwọn ọmọdé máa ń lò lọ́jọ́ ìsinmi. Kò sí pátákó kankan níbẹ̀. Àwọn àga inú rẹ̀ kéré, àwọn àgbàlagbà sì jókòó sórí wọn, eékún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Fúláàsì tíì wà lórí tábìlì kan nítòsí fèrèsé. Ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun dìde pàdé rẹ̀. Paul lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kàbbà ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Òyìnbó ló fi kí i. Bí Fẹ̀yìntọlá ṣe dáhùn, ó bọ́ sí Yorùbá.

"Ẹ káàbọ̀. Ṣé ìpàdé lẹ bá wá?"

"Èmi kọ́ ni mò ń mutí," Fẹ̀yìntọlá sáré sọ. "Ọkọ mi ni."

Obìnrin kan tó wọ híjáàbù ní ẹ̀yìn Paul ní, "Bí gbogbo wa ṣe kọ́kọ́ sọ ọ́ nìyẹn." Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Nígbà tí obìnrin náà rí ojú Fẹ̀yìntọlá, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Eré ni. Ẹ wá jókòó tì mí. Ẹnikẹ́ni ló lè wá sí ìpàdé ọjọ́ Sátidé."

Obìnrin náà ni Ràdíátù, nọ́ọ̀sì, ọmọ Ìsẹ́yìn. Fẹ̀yìntọlá jókòó tì í pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, torí ó rò pé ìyàwó ọ̀mùtí bíi tòun ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan obìnrin náà, ó ní, "Ràdíátù lorúkọ mi. Ọ̀mùtí ni mí." Ó ní inú ife tíì ni òun máa ń bu ọtí sí, pé bí ẹnikẹ́ni bá gbóòórùn rẹ̀ lẹ́nu òun, onítọ̀hún á rò pé imú ara rẹ̀ ló ń tàn án jẹ, torí ta ni yóò fojú ọtí wo oníhíjáàbù. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ròyìn ojú ọjọ́. Àwọn tó kù mi orí, wọ́n ní kó ṣeun, ọ̀rọ̀ sì kan ẹlòmíràn.

Nígbà tí ìpàdé tú, Fẹ̀yìntọlá lọ bá Paul. Ó ní, "Ọgbọ́n wo ni mo lè dá tí màá fi mú un wá?"

"Kò sí."

"Kò sí?"

"A kì í bá ẹlòmíràn gbé oògùn mì, Mà. Bó bá fẹ́ wá, á wá. Ẹ̀yin ńkọ́? Báwo lara yín?"

Fẹ̀yìntọlá fẹ́ sọ pé ara òun le. Dípò bẹ́ẹ̀, ó dágbére, ó sì pinnu nínú ọkọ̀ pé òun kò ní padà síbẹ̀ mọ́.

Ó padà lọ ní Sátidé kejì. Gbogbo ibi tó kù tó ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ni wọ́n ti ń ní kó fara dà á, pé ọkùnrin ni, pé á yí padà bí àgbà bá dé. Nínú kíláàsì yẹn, kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fìyà jẹ ìyàwó ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Ó ń gbọ́ ohun tó ń lọ nínú ọkọ rẹ̀ láti ẹnu àwọn tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀ náà.

Kò fi ìrìn rẹ̀ pa mọ́. Sátidé kọ̀ọ̀kan ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tó ń sọ pé, "Bàbá Mofìyìn, mò ń lọ sí ìpàdé Jabi," Ọládùnjoyè á sì mi orí. Àwọn nǹkan kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà nílé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Ọládùnjoyè wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kó bá òun pe ọ́fíìsì pé ibà ń ṣe òun. Fẹ̀yìntọlá ń fi ríbọ́nù di irun Mofìyìn lọ́wọ́. Ó ní, "Fóònù yín wà lórí tábìlì." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ọládùnjoyè wo fóònù náà títí, ó dìde, ó lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú orí tó ń fọ́ ọ.

Ọjọ́ yẹn ni ara fu ú. Obìnrin tí kì í kọ ohun tí òun bá sọ ti ń kọ ọ́. Ó wá kíyè sí i pé ìyàwó rẹ̀ ti dẹ́kun ariwo. Ó ti dẹ́kun yíyẹ àpò òun wò. Lọ́jọ́ Sátidé, á wẹ̀, á fi àtíkè sójú, á wọ aṣọ tó dáa, bó bá sì padà dé, ojú rẹ̀ á ti rọ̀. Ọládùnjoyè ro ọ̀rọ̀ náà lọ, ó rò ó bọ̀, ibi kan ṣoṣo ni èrò rẹ̀ ń já sí. Obìnrin náà ti lọ́kùnrin.

Ní Sátidé kan, ó mu díẹ̀ péré, ó wọ takisí, ó tẹ̀ lé ọkọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ wọ̀. Ní Jabi, ó fara pa mọ́ sẹ́yìn ọlọ́sàn. Ó rí i tó yà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rí ọkùnrin olórí-funfun kan tó fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n jọ wọlé. Ó ní kí òun fún wọn láyè díẹ̀, kí òun lè ká wọn mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó lọ ti ilẹ̀kùn.

Ènìyàn bíi mẹ́wàá ló yíjú wò ó lórí àga ọmọdé, ife tíì lọ́wọ́ wọn. Ó ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kò sì lè gbé e mì. Ó nàka sí Paul.

"Fẹ̀yìntọlá, ta ni ọkùnrin yìí sí ọ?"

Paul dìde. "Paul lorúkọ mi, sà," ó ní. "Ọ̀mùtí ni mí. Ẹ kú ìrìn. Àga kan ṣì wà níbẹ̀ yẹn."

Ọládùnjoyè ti retí pé ọkùnrin náà yóò sẹ́, tàbí kó dìjà. Kò tíì sí ẹni tó fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí i rí. Ó dúró, ó ń wo ojú kọ̀ọ̀kan, kò sì rí ohun tó kàn láti ṣe ju kó jókòó lọ. Ó jókòó. Ràdíátù gbé tíì lé e lọ́wọ́, kò bi í bóyá á mu ún.

Fẹ̀yìntọlá ni ọ̀rọ̀ kàn tẹ̀lé e. Ó lè ní kó kọjá òun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ìdí. Ó wá sọ ìtàn ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn, láti orí àga tí wọ́n ń kó wọlé dé orí igi máńgòrò, ó sọ ohun tí tíṣà náà bi ọmọ àti èsì tí ọmọ fọ̀. Kò wo ibi tí ọkọ rẹ̀ wà. Ó ní òun kò rò pé ọmọ náà parọ́ láti fi bú bàbá rẹ̀. Òun rò pé ó parọ́ láti fi bò ó ni, bí òun náà ṣe ń bò ó, àti pé ọ̀dọ̀ òun ló ti kọ́ ọ.

Ọládùnjoyè gbé ife kalẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dìde, ó jáde. Fẹ̀yìntọlá fẹ́ tẹ̀ lé e. Paul ní, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ."

Nígbà tí Fẹ̀yìntọlá délé, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ògiri.

"Ṣé ọmọ náà sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀."

"O ò sì sọ fún mi."

"Mo sọ fún yín lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ẹ mi orí."

Ọ̀rọ̀ náà kò mú un fi ọtí sílẹ̀. Ó tún mu ún sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ẹni tó fẹ́ mu ún tán pátá. Lẹ́yìn náà, láàárọ̀ Sátidé kan, Fẹ̀yìntọlá ń wọṣọ, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn.

"Ti òní yìí, èmi ni mo fẹ́ lọ. Ìwọ dúró sílé."

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"N ò ní lè sọ̀rọ̀ níwájú rẹ."

Fẹ̀yìntọlá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó ti ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ pípẹ́ wá ló dé yìí, ó sì ń retí kí inú rẹ̀ dùn. Inú ló ń bí i. Ibi kan ṣoṣo ló ní ní gbogbo Abuja tí kì í ti í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni, tí kì í ti í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni, òun náà ni ọkùnrin yìí tún fẹ́ gbà. Ó bọ́ aṣọ. Ó ní kó máa lọ, kó gba ọwọ́ ẹ̀yìn gáréèjì, torí wọ́n ń la gọ́tà ní iwájú. Lẹ́yìn tó lọ, ó gbé ẹ̀wà kaná, ó gbàgbé rẹ̀, ẹ̀wà náà jóná.

Bí Ọládùnjoyè ṣe ti ìpàdé dé, ó ní òun kò mu mọ́, ó kó gbogbo ohun tó wà nínú ilé dànù. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òógùn bò ó. Ó ń bá ẹnì kan tí kò sí nínú yàrá sọ̀rọ̀. Fẹ̀yìntọlá pe Ràdíátù. Ràdíátù kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù nísinsìnyí. Ẹni tó ti mu ún pẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í dédé fi í sílẹ̀ láìsí dókítà, ó lè pa á. Ẹ sọ òótọ́ iye tó ń mu fún wọn. Ẹ má pè é ní ibà."

Wọ́n dá a dúró níbẹ̀. Mofìyìn kò fẹ́ lọ wò ó. Nígbà tó wá lọ, ó jókòó sítòsí ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù, ó ń kàwé títí ìyá rẹ̀ fi ṣe tán. Bàbá rẹ̀ kò pè é súnmọ́ra.

Ọládùnjoyè jáde ní ọsibítù, ara rẹ̀ balẹ̀, ó ń lọ sí Jabi ní gbogbo Sátidé. Ní oṣù Kejìlá ọdún kejì, wọ́n lọ ṣọdún ní Ìkìrè. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọtí kalẹ̀, ó ní òun kò mu mọ́. Ọ̀kan bi í bóyá ó ti di wòlíì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì gba ife. Nígbà tí wọ́n máa fi padà sí Abuja, ó ti padà sídìí ọtí inú ọ̀rá. Ìtìjú kò jẹ́ kó lọ sí Jabi mọ́.

Fẹ̀yìntọlá kò fipá mú un lọ. Paul ló dé mínísírì náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí wọ́n bá òun pe Ọládùnjoyè. Wọ́n jọ jókòó sórí pèpéle ìta, wọ́n jẹ àgbàdo sísè. Paul ròyìn ìgbà tí òun náà padà sídìí ọtí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Kò gbà á níyànjú. Nígbà tó ń lọ, ó ní Sátidé ti sún mọ́lé. Ọládùnjoyè padà lọ. Kò tíì mutí láti ìgbà náà, títí di ìgbà tí a ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti bọ́.

Ọ̀rọ̀ Fẹ̀yìntọlá ló kù. Ó sọ fún Ràdíátù pé wọ́n ti gba ibi tí òun ń lọ lọ́wọ́ òun. Ràdíátù ní ní àwọn ìlú mìíràn, àwọn ará ilé ọ̀mùtí ní ìpàdé tiwọn, ṣùgbọ́n òun kò mọ èyí tó wà nítòsí. Ó ní, "Ẹ ní kíláàsì ní Ushafa. Ẹ ní àga. Kí ló kù?"

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yọ̀ǹda kíláàsì kan. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló wá, Mùnírátù, ìyàwó awakọ̀ kan tó ń mutí ní gáréèjì Jabi, ọmọ Ṣakí. Kò gbọ́ Òyìnbó. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń wo ara wọn.

"Kí la máa wá sọ?" Mùnírátù béèrè.

"Ohunkóhun."

Mùnírátù bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́ títí òjò fi dé, òjò dá, kò tíì tán. Nígbà tó parí, Fẹ̀yìntọlá ní kó ṣeun. Ìyẹn nìkan ló mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ. Mùnírátù nu ojú, ó béèrè bóyá wọ́n tún máa ṣe é ní Sátidé tó ń bọ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Obìnrin ẹ̀yà Gbagyi kan tó ń mọ ìkòkò ní Ushafa gbọ́ nípa wọn, ó wá nítorí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Hausa lòun ń sọ, nítorí náà ìpàdé náà di Yorùbá tó ń ya sí Hausa, Hausa tó ń ya sí Yorùbá, ó sì yé wọn.

Ní ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ kan, Mofìyìn, tó ti di ọmọ yunifásítì nígbà náà, ní òun yóò tẹ̀ lé ìyá òun lọ. Fẹ̀yìntọlá kò ní kó wá, kò ní kó má wá. Ọmọ náà jókòó lẹ́yìn, ó ń gbọ́. Àwọn tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Abuja máa ń gbọ́ Yorùbá ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ, nígbà tí ọ̀rọ̀ sì kàn án, ó ń ṣa ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mofìyìn lorúkọ mi. Dádì mi máa ń mutí. Wọn ò mu mọ́. Gbogbo ènìyàn ń yọ̀. Èmi ò tíì dárí jì wọ́n. Mi ò mọ ìgbà tí mo máa dárí jì wọ́n."

Fẹ̀yìntọlá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún ọmọ náà pé bàbá ni bàbá ń jẹ́. Mùnírátù ní kó ṣeun. Obìnrin amọ̀kòkò ní kó ṣeun, ọ̀rọ̀ sì kan ẹlòmíràn.

Nígbà tí wọ́n dé Dutse, Ọládùnjoyè ti ṣáájú wọn ti Jabi dé. Ó ti se iṣu, ó ń din ẹyin, ó so aṣọ ìnuwọ́ mọ́ ìdí. Ó kí wọn káàbọ̀. Kò béèrè ohun tí wọ́n sọ ní Ushafa, wọn kò béèrè ohun tó sọ ní Jabi. Wọn kì í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Mofìyìn bù ú jẹ, ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹyin. Bàbá rẹ̀ tọ́ ọ wò, ó ní òótọ́ ni. Ó bu iṣu sí i fún un kó lè fi pa iyọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.